Òjò Kò Ní Ṣàì Rọ̀: Kí Ni Kí A Kọ́ Àwọn Ọmọ Ajégúnlẹ̀?

Àwọn àgbà ní òjò kò bá ẹnì kan ṣọ̀tá, ẹni eji bá rí ni eji ń pa. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ bá mi fi ọ̀rọ̀ náà wé bí nǹkan ti rí ní ìlú Èkó wa yìí. Òjò tí ó rọ̀ ní Ìkòyí, òun náà ni ó rọ̀ ní Ajégúnlẹ̀. Ní ọ̀hún, ó lè jẹ́ mọ́tò ni omi yóò bà jẹ́. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, omi a wọlé bá ènìyàn lórí ẹní, a gbé ìwé ọmọ, a ba ìrẹsì inú àpò jẹ́, a sì gbé ọjà ìyá tí ó ń ta ata lọ. Eji kò yan ọ̀tá lóòótọ́, ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí a ń gbé ti bá a yàn.

Ẹ̀kọ́ ìyípadà ojú ọjọ́ ni mo gbé wá fún yín lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tí ì ṣí ojú ìwé kejì. Ẹ má ṣe wí pé ọ̀rọ̀ àwọn òyìnbó ni, tàbí pé ti àwọn tí ń jókòó ní Àbújá ni. Tíṣà sáyẹ́ǹsì ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ sẹ́kọ́ńdírì kan ní Ajégúnlẹ̀. Bí òjò bá rọ̀ láti òru mọ́jú, mo ti mọ̀ kí n tó dé kíláàsì pé àga púpọ̀ yóò ṣófo. Àwọn ọmọ kan ń bá ìyá wọn gbọ́n omi, àwọn mìíràn kò rí bàtà wọ̀ nítorí bàtà ti bá omi lọ. Nítorí náà, ohun tí a bá sọ fún àwọn ọmọ wọ̀nyí nípa òjò kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìdánwò nìkan. Ọ̀rọ̀ ilé tí wọ́n ń sùn sí ni.

ÈRÒ MẸ́TA NÍNÚ ÀGBÀLÁ KAN

Fún ẹni tí kò bá mọ Ajégúnlẹ̀, ẹ̀yìn Apápá ni ó wà, lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Ajérọ̀mí-Ìfẹ́lódùn. Èbúté Apápá kò jìnnà sí wa, bẹ́ẹ̀ ni ti Tin Can tí wọ́n ṣí ní 1977. Iṣẹ́ ni ó kó púpọ̀ nínú wa débẹ̀, orúkọ ìlú náà pàápàá sì wí i: ajé ni ó gúnlẹ̀. Yorùbá, Ìlàjẹ, Ìjọ̀, Ùròbò, Ìgbò, Haúsá, gbogbo wa ni a jọ ń gbé nínú ilé oníyàrá-kojú-síra, tí a jọ ń pọn omi, tí a sì jọ ń san owó iná. Ilẹ̀ ibẹ̀ rẹlẹ̀, ó sún mọ́ omi, ibi púpọ̀ níbẹ̀ sì jẹ́ àbàtà tí wọ́n fi yanrìn àti pàǹtí dí kí wọ́n tó kọ́lé lé e.

Bí omi bá ti wọ àgbàlá, tí àwọn alájọgbé dúró sí ẹnu ọ̀nà, èrò mẹ́ta ni ẹ ó máa gbọ́. Ẹni kìíní á ní, "Ọlọ́run ni ó ń bínú, ayé ti bàjẹ́ jù." Ẹni kejì á ní, "Káńsù ni ó jẹ̀bi, wọn kò kó gọ́tà." Ẹni kẹta tí ó ti gbọ́ ìròyìn rédíò á ní, "Ẹ̀yin kò mọ nǹkan. Àwọn òyìnbó ni ó fi ẹ̀rọ wọn ba ojú ọjọ́ jẹ́." Àwọn ọmọ dúró lẹ́yìn wọn, wọ́n ń gbọ́. Bí ó bá di ọjọ́ kejì, wọ́n á gbé èrò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wá bá mi ní kíláàsì, wọ́n á ní kí n dájọ́.

Nípa ti ẹni kìíní, èmi kì í ṣe àlùfáà, èmi kì í sì í ṣe lèmọ́mù. Ohun tí mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ ni pé Ọlọ́run tí ó dá òjò, òun náà ni ó fún wa ní ọpọlọ tí a fi ń wọn òjò. Ẹni tí ó bá fẹ́ gbàdúrà, kí ó gbàdúrà, kí ó sì kó gọ́tà pẹ̀lú. Ní ti ẹni kejì àti ẹni kẹta, òtítọ́ wà lọ́wọ́ àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n ìdajì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn mú. Iṣẹ́ tíṣà ni láti so ìdajì méjèèjì pọ̀.

AṢỌ TÍ AYÉ DÀ BORA

Ìpìlẹ̀ ẹ̀kọ́ náà kò ṣòro. Mo máa ń bi àwọn ọmọ pé, "Nígbà ọyẹ́, tí ẹ bá da aṣọ bora lóru, ṣé iná wà nínú aṣọ náà ni?"

"Rárá, sà."

"Kí ni ó wá mú yín móoru?"

Ọmọkùnrin kan tí ó máa ń jókòó lẹ́yìn pátápátá dáhùn pé, "Ooru ara wa ni, sà. Aṣọ ni kò jẹ́ kí ó jáde."

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ayé wa yìí rí. Oòrùn ń ràn sí ilẹ̀, ilẹ̀ ń móoru, ooru náà sì ń wá ọ̀nà padà sókè. Àwọn gáàsì kan wà nínú afẹ́fẹ́ tí wọ́n dà bí aṣọ ìbora: wọn a jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ oòrùn wọlé, ṣùgbọ́n wọn a dá ooru dúró kí ó má tètè jáde. Bí kò bá sí wọn rárá, òtútù ì bá ti pa gbogbo wa. Aṣọ kan dára. Ìyọnu bẹ̀rẹ̀ nígbà tí a bá ń da aṣọ lé aṣọ. Carbon dioxide ni orúkọ gáàsì tí ọwọ́ wa ń dà sí i jù. Òun ni ó ń jáde nígbà tí a bá sun bẹntiróòlù, dísẹ́ẹ̀lì, igi, tàbí èédú tí wọ́n ń wà nínú ilẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe tàn yín pé ìmọ̀ àná ni. Ní 1856, obìnrin ará Amẹ́ríkà kan, Eunice Foote, kó oríṣìíríṣìí gáàsì sínú ìgò, ó gbé wọn sínú oòrùn, ó sì rí i pé èyí tí carbon dioxide wà nínú rẹ̀ ni ó gbóná jù, òun náà ni ó sì pẹ́ kí ó tó tutù. Ní 1859, John Tyndall, ọmọ Ireland tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, fi ẹ̀rọ hàn bí irú àwọn gáàsì bẹ́ẹ̀ ti ń gba ooru mọ́ra. Ní 1896, Svante Arrhenius ti ilẹ̀ Sweden ṣe ìṣirò rẹ̀, ó ní bí gáàsì yìí bá pọ̀ sí i, ayé yóò gbóná sí i. Reluwé láti Èkó kò tí ì dé Ìbàdàn nígbà náà, 1901 ni ó débẹ̀.

Láti 1958 ni ọ̀gbẹ́ni Charles Keeling ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọn gáàsì náà lórí òkè Mauna Loa ní Hawaii. Lọ́dún náà, bí a bá pín afẹ́fẹ́ sí ọ̀nà mílíọ̀nù kan, nǹkan bí 315 nínú rẹ̀ ni carbon dioxide. Lónìí, ó ti ju 420 lọ. Kí àwọn òyìnbó tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi èédú wa ẹ̀rọ, nǹkan bí 280 ni. Ẹ wo bí aṣọ náà ti ń nípọn sí i. Àjọ àgbáyé tí ń rí sí ojú ọjọ́ sì ti kéde pé ọdún 2024 ni ó gbóná jù láti ìgbà tí wọ́n ti ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ó fi nǹkan bí ìwọ̀n 1.5 Sẹ́ǹtígíréèdì gbóná ju bí ayé ti rí láàárín 1850 sí 1900.

ABỌ́ MÉJÌ ÀTI OMI DÍDÌ

Kò di ìgbà tí a bá ní yàrá ìdánwò olówó ńlá kí a tó kọ́ ọmọ ní èyí. Abọ́ méjì, òkúta kan, àti omi dídì láti ọwọ́ àwọn tí ń ta ọtí ẹlẹ́rìndòdò ti tó.

Nínú abọ́ kìíní, mo bu omi sí i, mo jẹ́ kí omi dídì léfòó lórí rẹ̀, a sì fi báírò sàmì sí ibi tí omi dé. Nínú abọ́ kejì, mo gbé òkúta sí àárín omi kí orí rẹ̀ yọ síta, mo gbé omi dídì lé orí òkúta náà, a sì sàmì sí i bákan náà. Lẹ́yìn èyí, a bá ẹ̀kọ́ mìíràn lọ. Nígbà tí omi dídì bá yọ́ tán, àwọn ọmọ á sáré wá wò ó. Abọ́ kìíní kò kún sí i. Abọ́ kejì ti kọjá àmì. Nígbà náà ni mo máa ń sọ fún wọn pé omi dídì tí ó wà lórí ilẹ̀ Greenland àti Antarctica dà bí ti orí òkúta yẹn. Bí ó bá yọ́ tí ó ṣàn sínú òkun, òkun yóò ga sí i.

Ìdánwò kejì tún rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ rọ omi aláwọ̀ kún ìgò dé ẹnu, ẹ fi ìdérí tí ẹ ti lu ihò sí dé e, ẹ ki sítírọ́ọ̀ bọ inú rẹ̀, kí ẹ sì dí etí ihò náà pinpin. Ẹ gbé e sínú oòrùn ọ̀sán. Omi á bẹ̀rẹ̀ sí í gun sítírọ́ọ̀ lọ sókè, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni kò bu omi kún un. Omi tí ó bá gbóná a máa gba àyè sí i. Òkun náà ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Láti 1901 sí 2018, òkun àgbáyé fi nǹkan bí 20 sẹ́ńtímítà ga sí i. Ṣáájú 1971, nǹkan bí mílímítà 1.3 ni ó ń fi ga lọ́dún. Láàárín 2006 sí 2018, ó ti di 3.7 lọ́dún. Nígbà tí mo sọ èyí, ọmọ kan rẹ́rìn-ín, ó ní, "Sà, mílímítà mẹ́ta kò tó nǹkan." Mo ní kí ó mú rúlà lọ sílé, kí ó wọn ìloro wọn sí ojú omi kánáàlì ní ọjọ́ tí omi bá kún. Ó padà wá lọ́jọ́ kejì, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní, "Sà, kò ju rúlà kan lọ."

Rúlà kan, 30 sẹ́ńtímítà ni. Òkun sì ti gba 20. Ẹ má ṣe rò pé ìgbì òkun ni yóò kọ́kọ́ wọ inú yàrá wa. Gọ́tà wa ń ṣàn sínú kánáàlì, kánáàlì ń ṣàn sínú ọ̀sà. Bí ọ̀sà bá ti ga, gọ́tà kò ní ibi tí yóò da omi rẹ̀ sí mọ́. Omi òjò á dúró, á wo ọ̀tún, á wo òsì, á sì gba ẹnu ọ̀nà wa wọlé.

KẸ́Ẹ̀GÌ MÉLÒÓ NI Ó WÀ LÓRÍ ÒRÙLÉ?

Òjò fúnra rẹ̀ ńkọ́? Afẹ́fẹ́ gbígbóná a máa gbé omi ju èyí tí ó tutù lọ. Bí ó bá fi ìwọ̀n Sẹ́ǹtígíréèdì kan gbóná sí i, omi tí ó lè gbé á fi nǹkan bí 7 nínú 100 pọ̀ sí i. Ohun tí ó gbé púpọ̀, bí yóò bá sọ ọ́ kalẹ̀, púpọ̀ ni yóò sọ. Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ fi ń kìlọ̀ pé òjò ńláńlá yóò máa le sí i. Àwọn ẹbí mi tí ń ṣe àgbẹ̀ ní ọ̀nà Ìjẹ̀bú sì ń ráhùn pé òjò àkọ́rọ̀ ń tàn wọ́n: á rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n á gbin àgbàdo, á sì dá wọ́n dúró títí ohun ọ̀gbìn yóò fi rọ. Bí àgbàdo wọn bá kú ní oko, àwa ni a ó ra ìyókù rẹ̀ lówó gọbọi ní ọjà Boundary.

Ní ọjọ́ Àìkú, 10 July 2011, òjò tí ó rọ̀ ní Èkó ju mílímítà 200 lọ. Ó wó ilé, ó sì mú ẹ̀mí lọ. Mo fi òjò náà kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò. Mílímítà òjò kan lórí mítà kan níbùú lóròó jẹ́ lítà omi kan. Yàrá tí ó jẹ́ mítà mẹ́ta sí mẹ́rin ní òrùlé tí ó gba mítà 12 níbùú lóròó. Bí mílímítà 200 bá rọ̀ lé e, lítà 2,400 ni. Kẹ́ẹ̀gì tí a fi ń pọnmi gba lítà 25. Kẹ́ẹ̀gì 96 nìyẹn láti orí yàrá kan ṣoṣo! Ẹ wá ka iye yàrá tí ó wà ní àdúgbò yín. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ wo gọ́tà tí ẹ ní kí ó gbé gbogbo rẹ̀ lọ, bí ó ti kún fún ọ̀rá píọ̀ wọ́tà.

Ṣùgbọ́n mo tún máa ń kìlọ̀ fún àwọn ọmọ pé a kì í fi òjò kan ṣoṣo dájọ́, gẹ́gẹ́ bí a kì í ti í fi ìbínú ọjọ́ kan mọ ìwà ènìyàn. Ọ̀pọ̀ ọdún ni a ń kó jọ kí a tó mọ ìwà ojú ọjọ́. Ìkún omi ọdún 2012 pa ènìyàn 363 ní Nàìjíríà, ó sì lé àwọn tí ó ju mílíọ̀nù méjì lọ kúrò nílé. Ti 2022 pa ju ènìyàn 600 lọ. Òjò ńlá wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n omi tí wọ́n tú sílẹ̀ láti ìdídò Lagdo ní Kamẹrúùnù wà níbẹ̀ pẹ̀lú, àti ilé tí a kọ́ sí ojú ọ̀nà odò.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti etí òkun Èkó. Láti 1908 sí 1912 ni ìjọba òyìnbó kọ́ ògiri òkúta sí ẹnu ọ̀nà òkun kí ọkọ̀ ńlá lè rí ọ̀nà wọlé. Ògiri náà dá yanrìn tí òkun ń gbé kiri dúró, láti ìgbà náà ni omi sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ Bar Beach ní Victoria Island. Kì í ṣe ooru ayé ni ó bẹ̀rẹ̀ ìyẹn. Àwọn ọmọ Ìlàjẹ inú kíláàsì mi mọ ọ̀rọ̀ Ayétòrò, ìlú etí òkun tí àwọn Àpọ́sítélì Mímọ́ dá sílẹ̀ ní 1947, tí òkun ti gbé ilé púpọ̀ níbẹ̀ lọ. Òkun tí ń ga wà nínú ọ̀rọ̀ náà, àwọn ará ìlú sì ń tọ́ka sí iṣẹ́ epo rọ̀bì pẹ̀lú. Bí a bá di gbogbo ẹ̀bi ru ojú ọjọ́, a ti dá ẹni tí ó di gọ́tà láre. Bí a bá sì di gbogbo rẹ̀ ru gọ́tà, a ti dá ẹni tí ń sun epo láti bí igba ọdún láre.

"SÀ, JẸNẸRÉTỌ̀ TA NI?"

Ọmọbìnrin kan dìde, ó ní, "Sà, jẹnẹrétọ̀ ta ni ó fa gbogbo èyí? Kékeré kan ṣoṣo ni bàbá mi ní."

Ìbéèrè náà tọ́. Mo fi ọ̀rọ̀ owó iná ilé wa dá a lóhùn. Ẹni tí ó ní ẹ̀rọ amúlétutù ń gbé yàrá kìíní. Ẹni tí ó ní gílóòbù kan ń gbé yàrá ìkẹyìn. Bí ìwé owó iná bá dé, tí wọ́n ní kí àwọn méjèèjì san iye kan náà, ṣé ó dára? Gbogbo kíláàsì pariwo pé, "Kò dára, sà!" Bẹ́ẹ̀ ni ó rí. Gbogbo Áfíríkà ní nǹkan bí 18 nínú 100 ènìyàn ayé, ṣùgbọ́n gáàsì tí a ń tú jáde kò pé 4 nínú 100. Àwọn orílẹ̀-èdè tí ó ti là ni wọ́n ti ń da aṣọ lé aṣọ láti ọjọ́ pípẹ́.

Síbẹ̀ a kò lè ká ọwọ́ gbera. Láti ìgbà tí Nàìjíríà ti ń ta epo sí òkè òkun ní 1958 ni wọ́n ti ń dáná sun gáàsì ní àgbègbè Niger Delta, iná náà kò sì tí ì kú tán títí di òní. Àwọn ọmọ tí òbí wọn ti ibẹ̀ wá mi orí, nítorí wọ́n ti rí i. Bí wáyà ilé bá sì ta iná, kò ní béèrè ẹni tí ó ní gílóòbù kan kí ó tó jó yàrá rẹ̀. Nítorí èyí ni àwọn orílẹ̀-èdè fi pàdé ní Paris ní 2015, tí wọ́n fọwọ́ sí ìwé àdéhùn. Nàìjíríà ṣe òfin ìyípadà ojú ọjọ́ ní 2021, ó sì ṣèlérí ní Glasgow lọ́dún kan náà pé bí yóò bá fi di 2060, a kò ní máa da gáàsì sí afẹ́fẹ́ ju èyí tí a lè mú kúrò lọ. Ọmọbìnrin yẹn ka ìka rẹ̀, ó ní òun yóò ti tó àádọ́ta ọdún nígbà náà. Mo ní kí ó kọ ọdún náà sínú ìwé rẹ̀, kí ó lè mọ ọjọ́ tí yóò béèrè gbèsè.

BÀBÁ KAN WÁ BÁ MI

Lẹ́yìn ẹ̀kọ́ òkun, bàbá ọmọ kan tí ó ń ṣiṣẹ́ ní èbúté wá sí ilé ẹ̀kọ́. Ó kí mi dáradára, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ le.

"Tíṣà, ẹ ṣeun tí ẹ ń kọ́ ọmọ mi. Ṣùgbọ́n láti ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá, bí òjò bá ti ṣú, kò sùn mọ́. Ó ní òkun ń bọ̀ wá gbé wa, ó ní kí a kó kúrò. Níbo ni kí n kó wọn lọ? Mo ti san owó ilé. Ibi iṣẹ́ mi nìyí. Ṣé ẹ rántí Mároko? Wọ́n ní omi yóò bo ibẹ̀, wọ́n lé àwọn ènìyàn jáde. Lónìí, ta ni ó ń gbé ibẹ̀?"

Ẹ̀yin òǹkàwé, ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Ní July 1990, ìjọba ológun lé àwọn ará Mároko, tí a fojú díwọ̀n sí 300,000, wọ́n sì fi ewu omi ṣe ara àwọn ìdí tí wọ́n sọ. Ilé àwọn olówó ni ó wà lórí púpọ̀ nínú ilẹ̀ náà lónìí. Ẹni tí ó bá mọ ìtàn yìí kò ní ṣàì fura sí tíṣà tí ó bá ń sọ pé omi ń bọ̀.

Mo ní kí wọ́n jókòó. Mo ní, "Bàbá, òkun kò ní gbé yín lọ́la. N kò sì lè sọ fún ọmọ yín pé kò ga, nítorí ó ti fi rúlà wọ̀n ọ́n fúnra rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí ó mọ̀ ni èyí tí ọwọ́ rẹ̀ lè ṣe, èyí tí ọwọ́ yín lè ṣe, àti èyí tí ó tọ́ kí ẹ jọ béèrè lọ́wọ́ ìjọba. Ọmọ tí ó bá mọ ìwọ̀n òjò àti ìwọ̀n gọ́tà àdúgbò rẹ̀, kò ní rọrùn láti fi ọ̀rọ̀ omi lé e kúrò lórí ilẹ̀ baba rẹ̀." Mo ṣí ìwé ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ tí ó ń bọ̀ hàn wọ́n. Wọ́n kà á títí dé ìsàlẹ̀. Wọ́n ní, "Ó dára. Ṣùgbọ́n ìbéèrè mi kò tí ì kúrò nílẹ̀ o: bí ọjọ́ kan bá dé tí a ní láti kó, níbo?"

Ìbéèrè náà wà nílẹ̀ lóòótọ́. Kì í ṣe tíṣà ni yóò dáhùn rẹ̀, ìjọba ni, ó sì yẹ kí wọ́n dáhùn kí omi tó dáhùn fún wọn.

OHUN TÍ Ó WÀ NÍNÚ ÌWÉ Ẹ̀KỌ́ NÁÀ

Mo kọ ọ́ síbí kí ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi lè mú èyí tí ó bá wúlò.

Èkíní, kí àwọn ọmọ máa wọn òjò. Ẹ gé orí ìgò oníke kan tí ìdí rẹ̀ tẹ́jú, ẹ dojú orí náà dé inú rẹ̀ bí àrọ, ẹ lẹ rúlà mọ́ ọn lára, kí ẹ gbé e sí gbangba. Kí wọ́n kọ ọjọ́, ìwọ̀n òjò, àti ibi tí omi dé lára ògiri sílẹ̀. Lọ́dọọdún ni àjọ NiMet ń kéde bí òjò yóò ti rí kí àkókò rẹ̀ tó dé. Kí wọ́n kà á ní kíláàsì, kí wọ́n fi wé ohun tí wọ́n rí.

Èkejì, kí a tún ilé ṣe ṣáájú òjò. Kí a gbé ojú iná sókè lára ògiri. Kí a di ìwé ẹ̀rí àti ìwé ilé sínú ọ̀rá méjì, kí a gbé e sókè àjà. Bí omi bá wọlé, kí a pa iná mànàmáná kí ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni tó kan omi. Nọ́ńbà ìpè pàjáwìrì Èkó ni 767 tàbí 112. Kí a sì se omi mímu, nítorí omi àgbàrá àti omi ṣáláńgá a máa pàdé. Àrùn onígbáméjì tí ó jà ní Èkó ní June 2024 kò tí ì jìnnà.

Ẹ̀kẹta, ọ̀rọ̀ ọ̀rá àti ike. Ike kọ́ ni olórí ohun tí ń mú ayé gbóná, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé epo rọ̀bì ni wọ́n fi ń ṣe é. Ṣùgbọ́n òun ni ó ń di gọ́tà wa. Ajégúnlẹ̀ níbí ti kọ́ ayé lẹ́kọ̀ọ́ lórí èyí. Ní 2019, ìròyìn kàn káàkiri ayé pé ní ilé ẹ̀kọ́ Morit International School ní Ajégúnlẹ̀, àwọn òbí ń kó ìgò oníke wá láti fi san owó ilé ìwé. African Cleanup Initiative, ẹgbẹ́ tí Alexander Akhigbe dá sílẹ̀, ni ó gbé ètò náà kalẹ̀. Wọ́n á wọn ìgò náà lórí òṣùwọ̀n, wọ́n á ṣírò iye rẹ̀ sínú owó ọmọ, ìgò á sì lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn tí ń sọ ọ́ di ohun mìíràn. Láti 2012 ni Wecyclers, tí Bilikiss Adebiyi-Abiola dá sílẹ̀, ti ń gba irú pàǹtí bẹ́ẹ̀ ní Èkó. Ìjọba Èkó náà fòfin de abọ́ fúnfun tí a fi ń di oúnjẹ ní January 2024, ó sì fi àwọn ike ìlò-ẹ̀ẹ̀kan kún un ní July 2025.

Ẹ̀kẹrin, igi àti iná. Láti 2008 ni Èkó ti ya 14 July sọ́tọ̀ fún gbígbin igi. Kí ọmọ tí ó bá gbin igi máa bomi rin ín dé ọdún kejì, nítorí igi tí a gbìn fún fọ́tò a máa kú lẹ́yìn fọ́tò. Ẹni tí agbára rẹ̀ bá ká iná oòrùn, kódà kí ó jẹ́ ti gílóòbù méjì, kí ó gbìyànjú rẹ̀. Owó epo yóò dín, èéfín inú ọ̀dẹ̀dẹ̀ yóò dín.

Ẹ̀karùn-ún, lẹ́tà. Mo ń kọ́ wọn láti kọ lẹ́tà tí òṣìṣẹ́ ìjọba lè fi ṣiṣẹ́. "Ẹ gbà wá o, omi ń pa wá" kò tó. Kí wọ́n kọ orúkọ àdúgbò, gígùn gọ́tà tí ó dí, ọjọ́ tí omi wọlé, ìwọ̀n òjò ọjọ́ náà, àti iye yàrá tí omi wọ̀. Kí àwọn àgbà ẹgbẹ́ àdúgbò fọwọ́ sí i, kí wọ́n pa ẹ̀dà kan mọ́. Ẹ̀yin onílé tí ń gbé ìpìlẹ̀ yín ga, ẹ rántí pé omi tí ẹ lé kúrò níwájú ilé yín, ilé ẹlòmíràn ni ó ń lọ. Ẹ fi ọ̀nà sílẹ̀ fún un.

Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà, bẹ́ẹ̀ ni àwọn baba wa wí. Ní ti Ajégúnlẹ̀, ọmọ tí a kò kọ́ lè má tilẹ̀ rí ilé kankan tà. Ẹ má ṣe dẹ́rù bà wọ́n, ẹ má sì ṣe purọ́ fún wọn. Igi ganganran má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Àwọn ọmọ wa ti ń wò ó báyìí, rúlà wà lọ́wọ́ wọn. Ẹ jẹ́ kí àwa àgbà jáde bá wọn, kí a mú ṣọ́bìrì dání.